Ta Ló Ń Gbé Nísàlẹ̀ Dáàmù?

Bí a bá dárúkọ dáàmù ní agbègbè Àtàkpàmé, Nangbéto ló ń wá sọ́kàn gbogbo ènìyàn: ìsédò ńlá tí Tógò àti Benin jọ ní lórí odò Mono, tí iṣẹ́ rẹ̀ parí ní 1987, tó ń fún orílẹ̀-èdè méjèèjì ní iná. Èyí tí mo fẹ́ sọ kéré sí i gan-an. Dáàmù alámọ̀ ni, irú èyí tí àgbẹ̀ ń mọ sí àfonífojì oko rẹ̀ kó lè bomi rin tòmátò lẹ́ẹ̀rùn.

Ìbéèrè méjì ni àwọn onímọ̀ ń bi irú dáàmù bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í pa wọ́n pọ̀. Ṣé ògiri rẹ̀ le? Bó bá ya, ta ni omi máa gbé? Ìdáhùn ìbéèrè kejì ni ìpele ewu. Nítorí náà, dáàmù tí kò jò rárá lè wà ní ìpele tó ga jù nítorí abúlé tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí èyí tó ti ń là sì wà ní ìpele tó kéré jù nítorí pé igbó nìkan ló dojú kọ.

Òfin Faransé ti 2015 fi ìṣirò sí i. Ká ní ògiri ga ní mítà 6: 6 lọ́nà 6 jẹ́ 36. Ká ní omi rẹ̀ jẹ́ 250,000 kúbíìkì mítà, ìyẹn 0.25 mílíọ̀nù. Nọ́ńbà tí a óò fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ kó tó jẹ́ 0.25 ni 0.5. 36 lọ́nà 0.5 jẹ́ 18. Kò tó 20 tí òfin béèrè, kò wọ ìpele kankan. Ṣùgbọ́n bí ilé kan bá wà láàárín 400 mítà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ti wọ ìpele C nìyẹn, ẹni tó ni ín sì gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ògiri kò yí padà, omi kò lé. Ilé kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyí. Ilẹ̀ etí omi dára, àwọn ènìyàn á máa kọ́lé síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ewu á máa ga láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan dáàmù. Ní Solai, ní Kẹ́ńyà, dáàmù oko aládàáni kan ya lálẹ́ ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún 2018. Ó kéré tán, ènìyàn 47 ló kú.

Ohun tó sábà máa ń ya dáàmù alámọ̀ ni omi tó kún kọjá orí rẹ̀, tó wá ń jẹ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, torí pé ọ̀nà tí àpọ̀jù omi ń gbà jáde kò fẹ̀ tó, tàbí pàǹtí ti dí i. Omi tún ń gba inú ògiri fúnra rẹ̀, láti ihò òkété, ihò ikán, tàbí gbòǹgbò igi tó ti jẹrà. Bí omi tó ń sun lẹ́yìn dáàmù bá mọ́ gaara, ẹ máa ṣọ́ ọ lójoojúmọ́. Bó bá di ẹrẹ̀, ògiri ti ń bá omi lọ nìyẹn: àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ sáré lọ sọ fún, kí ẹ tó wá ẹni tó máa tún un ṣe.