Awò Ìbọn Tó Fúyẹ́: Ibi Tí A Lè Gé Ìwúwo Kúrò àti Ibi Tí A Kò Gbọ́dọ̀ Fọwọ́ Kàn

Ọdẹ tó ń fi ṣakabùlà dọdẹ lóru nílẹ̀ Yorùbá kò nílò awò lórí ìbọn. Ibi tí iná orí rẹ̀ bá mọ́lẹ̀ dé náà ni ìbọn rẹ̀ ń pa ẹran dé. Lórí àwọn òkè Colorado ní Amẹ́ríkà, ọ̀tọ̀ ni bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Elk ni wọ́n ń dọdẹ níbẹ̀, ẹran tó fara jọ àgbọ̀nrín ṣùgbọ́n tí akọ rẹ̀ lè ju 300 kílò lọ. Èèyàn lè máa wo ẹran yìí ní òdìkejì àfonífojì títí ilẹ̀ á fi ṣú, kó má rí ọ̀nà sún mọ́ ọn. Ọdẹ á pọn ẹrù, á gbé ìbọn, á gun òkè tó ga tó 3,000 mítà, níbi tí mímí gan-an ti di iṣẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣírò gbogbo gíráàmù tó wà lára ìbọn.

Raífù tí wọ́n dìídì ṣe fún orí òkè kì í sábà ju bíi kílò mẹ́ta lọ. Ẹ wá gbé awò Vortex Razor HD Gen II, ti 4.5-27x56, lé e lórí: 1,375 gíráàmù ni awò yẹn nìkan. Èyí tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe fún ọdẹ, Razor HD LHT 3-15x42, jẹ́ 541 gíráàmù. Swarovski Z5 3.5-18x44 kò ju nǹkan bíi 450 lọ. Ibo ni gbogbo ìwúwo yẹn gbà lọ?

Iwájú ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Nínú 3-15x42, 3 sí 15 ni iye ìlọ́po tí awò lè fi mú kí ẹran tóbi lójú yín. 42 ni fífẹ̀ dígí iwájú ní mìlímítà. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba dígí iwájú wọlé ni awò máa ń fún pọ̀, tí á sì jáde lẹ́yìn ní róbótó kékeré kan tó ń lọ sínú ojú. Ẹ fi ìlọ́po pín fífẹ̀ dígí, ẹ ó mọ bí róbótó yẹn ṣe fẹ̀ tó. Bí ẹ bá yí awò sí ìlọ́po 6, 42 tí a fi 6 pín jẹ́ mìlímítà 7. Bí ẹ bá yí i dé 15, ó di 2.8. Ọmọlójú ọ̀dọ́ lè ṣí tó mìlímítà 7 nínú òkùnkùn, ti àgbàlagbà sábà máa ń mọ sí bíi 5. Ìmọ́lẹ̀ tó bá fẹ̀ ju ọmọlójú lọ dà bí omi tí a fi garawa dà sínú ìgò: èyí tó bá kọjá ẹnu ìgò, ilẹ̀ ló ń lọ.

Àǹfààní dígí 56 kò fi bẹ́ẹ̀ tó ìyà tó ń fi jẹni lórí òkè. Lóòótọ́, á jẹ́ kí ẹ lè lo ìlọ́po tó ga díẹ̀ sí i nígbà tí oòrùn bá ti wọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní dígí 42, kó yí awò wálẹ̀ sí ìlọ́po 8, róbótó ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á ju mìlímítà 5 lọ, ìyẹn sì tó. Elk kì í ṣe ẹyẹ ológoṣẹ́. Ìlọ́po 8 tó láti rí èjìká rẹ̀ dáadáa. Dígí ńlá tún máa ń gbé awò ga kúrò lórí ọ̀pá ìbọn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọdẹ kò sì ní lè jókòó dáadáa sí ìdí ìbọn mọ́.

Ọ̀pá awò fúnra rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ń ṣe é ní 25.4, 30 tàbí 34 mìlímítà. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ọ̀pá tó nípọn ló ń mú ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ sí i wọlé. Irọ́ ni. Ohun tí ọ̀pá ńlá sábà ń fúnni ni àyè fún ẹ̀rọ inú láti lọ sókè sódò, ẹni tó ń yìn ín dé 1,000 mítà ló sì nílò irú àyè bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ inú yìí gan-an ni ọkàn awò. Dígí iwájú máa ń dorí àwòrán kodò. Nínú ọ̀pá ńlá, ọ̀pá kékeré kan wà tó ní dígí tirẹ̀, òun ló ń yí àwòrán náà padà kó lè dúró dáadáa. Sípíríǹgì ló ti ọ̀pá kékeré yìí mọ́ ìdí àwọn kókó méjì tí a ń fọwọ́ yí, ọ̀kan lókè, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá yí kókó òkè, ẹ ó gbọ́ “kẹ́”, ojú àmì tí ẹ fi ń fojú sun ẹran á sì yẹ̀. Mil ni ìwọ̀n igun tí wọ́n fi ń ka bí ojú àmì ṣe yẹ̀ tó. Lórí awò tó ń lo ìdá mẹ́wàá mil, “kẹ́” kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan ní 100 mítà, ó sì jẹ́ márùn-ún ní 500 mítà. A nílò rẹ̀ torí pé ọta kì í lọ gbọnrangandan. Ọta 6.5 Creedmoor tí a ṣètò awò rẹ̀ sí 100 mítà á ti jábọ́ ju mítà kan àbọ̀ lọ kó tó dé 500.

Bí sípíríǹgì bá rọ̀, tí kókó bá ń tan ni, kí ni ìwúlò awò tó fúyẹ́? Ibí yìí ni mo ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ má ṣe ṣahun ìwúwo. Ẹ dán an wò kí ìgbà ọdẹ tó dé. Ẹ gbé pátákó gígùn kan dúró ní 100 mítà, ẹ fa ìlà tó tọ́ sí i lára láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí ẹ yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta sí ìsàlẹ̀. Ẹ wá yí kókó òkè ní mil 10, kí ẹ máa fojú sun ibi kan náà. Ihò tuntun gbọ́dọ̀ wà ní mítà kan gééré lókè ti àkọ́kọ́, lórí ìlà yẹn. Ẹ yí i padà sílẹ̀, kí ẹ tún yìn ín: ó gbọ́dọ̀ padà sí ihò àkọ́kọ́. Awò tí kò bá padà sílé, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Omi àti ìkùukùu kò gbọ́dọ̀ wọ inú awò pẹ̀lú. Wọ́n ní ìkùukùu tó bo inú awò Marcus Leupold ló jẹ́ kó tàsé àgbọ̀nrín kan, ló bá pinnu láti ṣe èyí tó dára jù. Ní 1947 ni ilé iṣẹ́ ìdílé rẹ̀ ní Oregon gbé awò ìbọn wọn àkọ́kọ́ jáde. Lónìí, náítírójìn tàbí ágọ́ọ̀nù ni wọ́n ń rọ sínú awò, wọ́n á sì dí i pa.

Ìbọn tó fúyẹ́ máa ń tini sẹ́yìn ju èyí tó wúwo lọ. Nítorí náà, awò tí ojú gbọ́dọ̀ sún mọ́ jù léwu. Ó lè ya ìpéǹpéjú. Kí àlàfo láàárín ojú àti awò tó sẹ̀ǹtímítà 9 ó kéré tán.

Àwọn awò kan wà tó ní bátìrì, tí wọ́n ń wọn jíjìnnà ẹran fúnra wọn. Wọ́n wúwo, òfin kò sì gbà wọ́n níbi gbogbo: ní ìpínlẹ̀ Idaho ní Amẹ́ríkà, yàtọ̀ sí iná ojú àmì, ẹ̀rọ tó ń lo iná mànàmáná kò gbọ́dọ̀ wà lára awò ẹni tó ń dọdẹ ẹran ńlá.

Awò kankan kò lè mú afẹ́fẹ́ dúró. Atẹ́gùn tí kò lágbára rárá lè ti ọta kúrò lọ́nà ní 40 sẹ̀ǹtímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 500 mítà, elk tí ọta bà ní ikùn á sì lọ kú sínú igbó níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i. Ẹ ra 3-15x42 tàbí èyí tó jọ ọ́, tí kò ju 600 gíráàmù lọ, tí kókó rẹ̀ sì ń padà sílé. Ṣùgbọ́n bí ẹran bá wà níbi tí ẹ kò tíì fi ìbọn yín yin pátákó dé rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹsẹ̀ rìn sún mọ́ ọn, tàbí kí ẹ jẹ́ kó máa lọ.