Ọjọ́ Ìbí Ọtí àti Ọjọ́ Ikú Rẹ̀: Igbá Tchoukoutou àti Ìgò Bíà Olóòórùn

Ẹni tó bá ń mutí ní àgbègbè Bassila ní orílẹ̀-èdè Benin, yálà ní Manigri tàbí ní Alédjo, irú ọtí méjì ló sábà máa ń bá pàdé. Èkíní ni tchoukoutou, ọtí ọkà bàbà pupa tí àwọn obìnrin ń pọn nínú ìkòkò, tí wọ́n sì ń fi igbá bù fún oníbàárà. Èkejì ni bíà inú ìgò, irú La Béninoise tí iléeṣẹ́ SOBEBRA ń pọn, tí ọkọ̀ ń gbé gba ọ̀nà Savalou àti Bantè wọ ìlú. Mùsùlùmí pọ̀ ní àgbègbè yìí, ọtí kì í sì í wọ ọ̀pọ̀ ilé rárá, mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ohun tí mo fẹ́ gbé ka orí ìwọ̀n kì í ṣe bóyá kí ènìyàn mutí tàbí kó má mu. Ọjọ́ orí ohun tí wọ́n ń tà fún wa ni: ta ló mọ̀ ọ́n, ta ni wọn kò jẹ́ kó mọ̀ ọ́n, ta ló sì ń ru àdánù nígbà tí ọjọ́ bá ti kọjá?

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kàn wá ni pé irú bíà kẹta ti ń wọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Àwọn apọntí kéékèèké ló ń pọn ọ́n, bíi Bature Brewery ní Nàìjíríà, àwọn mìíràn sì ń ti òkè òkun dé inú àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá. Ohun tí wọ́n fi ń polówó ọ̀pọ̀ nínú wọn ni họ́ọ̀pù, òdòdó tí ń mú kí bíà korò, kó sì máa ta sánsán bí èso. Inú ìgò tàbí agolo ni wọ́n ń tà á, lórí pẹpẹ kan náà pẹ̀lú bíà tí gbogbo wa mọ̀. Lójú tèmi, aṣọ ìgò ló wọ̀, ṣùgbọ́n ìwà igbá ló ń hù. Ẹni tó bá ń tà á bí ẹní ń ta bíà lásán ń rẹ́ oníbàárà jẹ, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo igbá. Àwọn obìnrin á rẹ ọkà bàbà sínú omi, wọ́n á dà á síta, wọ́n á bò ó, wọ́n á sì máa wọ́n omi sí i títí yóò fi hù. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á jẹ́ kó kan díẹ̀, wọ́n á sì sè é fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bó bá tutù nírọ̀lẹ́, apọntí á da kpètè-kpètè sí i, ìyẹn gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí tó ti pọn ṣáájú, tí ìwúkàrà ààyè wà nínú rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, ọtí ti ń hó.

Polycarpe Kayodé ti Yunifásítì Abomey-Calavi àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe ìwádìí púpọ̀ lórí ọtí yìí. Ìwádìí bẹ́ẹ̀ jẹ́ ká mọ̀ pé kì í ṣe ìwúkàrà nìkan ló wà nínú kpètè-kpètè. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń sọ nǹkan di kíkan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, irú àwọn tí ń mú wàrà kan. Àwọn ló ń fún tchoukoutou ní adùn kíkan tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń wá kiri, àwọn náà ló sì ń bà á jẹ́, nítorí wọn kì í sinmi. Lọ́jọ́ kìíní, ọtí dùn, ó ń hó lẹ́nu. Lọ́jọ́ kejì, ó ti le sí i. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ọ̀pọ̀ ènìyàn ò ní fẹ́ fi ẹnu kàn án mọ́.

Kí ló wá jẹ́ kí tinú ìgò pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ? Ẹnìkan lè rò pé ọkà ni. Kì í ṣe ọkà. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fòfin de kíkó ọkà bálì tí wọ́n ti mú hù wọ orílẹ̀-èdè náà ní 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo ni àwọn iléeṣẹ́ ọtí yíjú sí, ìgò wọn kò sì tìtorí ìyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kan lọ́jọ́ kẹta. Nǹkan méjì ló ń dáàbò bo ìgò. Ọ̀kan ni iná: láti ìgbà iṣẹ́ Louis Pasteur, tó tẹ ìwé rẹ̀ lórí bíà jáde ní 1876, ni àwọn iléeṣẹ́ ti mọ̀ pé bí a bá mú ọtí gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 60 Celsius, ohun ààyè inú rẹ̀ á kú. Èkejì ni họ́ọ̀pù.

Ilẹ̀ tútù ni họ́ọ̀pù fẹ́ràn, bíi Hallertau ní Jámánì àti àfonífojì Yakima ní Amẹ́ríkà. Ìkorò rẹ̀ kì í jẹ́ kí irú àwọn kòkòrò tí ń kan tchoukoutou gbèrú. Hildegard ti Bingen, obìnrin ẹlẹ́sìn kan ní Jámánì, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rúndún 12 pé ìkorò yìí kì í jẹ́ kí ohun mímu tètè bàjẹ́. Nígbà tí ọ̀rúndún 18 ń parí lọ, bíà tí George Hodgson ń pọn ní Bow, lẹ́bàá London, ń bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Íńdíà, ìrìn àjò ọ̀pọ̀ oṣù nínú ooru, họ́ọ̀pù sì wà lára ohun tó ń mú un débẹ̀ láìkan. Láti inú ìrìn àjò yẹn ni orúkọ IPA (India Pale Ale) tí a ń rí lára agolo lónìí ti jáde.

Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí lè sọ pé, bí họ́ọ̀pù bá ń dáàbò bo ọtí, a jẹ́ pé bíà tí họ́ọ̀pù rẹ̀ pọ̀ jù lọ ni yóò pẹ́ jù lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ olùtajà ti ń ṣìnà. Nǹkan méjì ni họ́ọ̀pù ń fún bíà, ọjọ́ orí wọn kò sì dọ́gba. Ìkorò ń pẹ́ díẹ̀, òun ló sì ń lé kòkòrò. Òórùn kì í pẹ́, nítorí inú òróró tó fúyẹ́ bí afẹ́fẹ́ ló wà. Àwọn apọntí ìgbàlódé kì í wulẹ̀ se họ́ọ̀pù pọ̀ mọ́ ọtí. Lẹ́yìn tí ọtí bá ti wú tán, wọ́n tún ń da họ́ọ̀pù tí wọn kò sè sí i nítorí òórùn náà, kó lè máa rùn bí ọsàn tàbí máńgòrò. Ọ́síjìn díẹ̀ tó bá wà nínú agolo á bẹ̀rẹ̀ sí í ba òróró yẹn jẹ́, apá kan òróró náà á sì fà mọ́ ìdérí ìgò. Láàárín oṣù mélòó kan, ohun tí oníbàárà torí rẹ̀ san owó gọbọi ti lọ. Ohun tó kù ni ìkorò, adùn tó ti wúwo jù, àti òórùn tó dà bíi ti ìwé tó rin.

Nínú bí ìbàjẹ́ ṣe ń hàn, mo fi gbogbo ẹnu sọ pé igbá sàn ju ìgò lọ. Gbangba ni tchoukoutou ti ń bàjẹ́. Imú á gbọ́ ọ, ahọ́n á mọ̀ ọ́n, àṣà ọjà sì ni pé kí oníbàárà tọ́ ọ wò kó tó sanwó. Ìkọ̀kọ̀ ni bíà họ́ọ̀pù ti ń bàjẹ́. Ìfófó rẹ̀ ṣì wà, kò ní run ẹni nínú, kò sì sí ohun tó yàtọ̀ lára agolo. Ẹni tí kò bá mu ún rí nígbà tó ṣì tuntun á rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Á sọ pé bíà àwọn apọntí kékeré kò dára, kò sì ní rà á mọ́. Apọntí tó ṣiṣẹ́ takuntakun ló ń gba ẹ̀bi ohun tí pẹpẹ ìtajà ṣe.

Nínú ọ̀rọ̀ ooru àti ọ̀nà jíjìn, ẹ má ṣe jẹ́ ká tan ara wa: ìgò bíà lásán ló borí. Kò sí ẹni tó lè fi tchoukoutou Manigri ránṣẹ́ sí Cotonou kó sì retí pé kó dùn bó ṣe dùn nílé. Ìgò tí wọ́n ti fi iná pa ohun ààyè inú rẹ̀, tí họ́ọ̀pù rẹ̀ kò pọ̀, kò ní òórùn púpọ̀ tó lè sọnù, nítorí náà ó lè dúró de òkú tàbí ìgbéyàwó fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tó ń pe àlejò láti ìlú mẹ́ta kò lè gbára lé ìkòkò kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n bíà họ́ọ̀pù kò lè bá a pín nínú ọlá yìí. Àwọn apọntí ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n fi ń kọ́ra wọn: ọjọ́ 3 nínú ooru ìwọ̀n 32 Celsius ń gbó bíà tó bí ọjọ́ 30 ṣe ń gbó o ní ìwọ̀n 22, tàbí bí ọjọ́ 300 ṣe ń gbó o nínú fíríìjì ní ìwọ̀n 3. Kì í ṣe òfin, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀nà hàn. Ẹni tó bá mọ ooru oṣù kẹta ní Bassila mọ̀ pé agolo tó lo ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ọkọ̀ àti nínú yàrá ìkẹ́rùsí ti darúgbó kó tó dé inú fíríìjì ẹni tó ń tà á. Oòrùn tún ń ṣe tirẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kan ìkorò họ́ọ̀pù, ó ń sọ ọ́ di ohun mìíràn tó ń rùn. Ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ ń dènà rẹ̀ dáadáa, ti aláwọ̀ ewé kò fi bẹ́ẹ̀ lè ṣe é, ìgò funfun kò sì lè dènà ohunkóhun. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀sọ̀ tí bíà yìí ń fẹ́ ni òtútù, òkùnkùn àti ìyára.

Àdánù ló wúwo jù lórí ìwọ̀n yìí. Obìnrin tó pọn tchoukoutou mọ̀ pé ohun tí kò bá tà lónìí yóò di àdánù òun lọ́la. Nítorí náà, ìwọ̀nba tí ọjà lè gbà ló ń pọn, ó sì ń tètè tà á. Èérí ọkà á di oúnjẹ ẹran, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á di kpètè-kpètè fún ìkòkò tó ń bọ̀. Bó bá kan, òun fúnra rẹ̀ ló máa sọ fún ọ, nítorí ojú rẹ àti ojú rẹ̀ á tún pàdé lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Ní ti agolo, ìlà kékeré tó wà ní ìdí rẹ̀ sábà máa ń sọ ọjọ́ tó yẹ kí a mu ún tán, kì í sì í fìgbà gbogbo sọ ọjọ́ tí wọ́n pọn ọ́n. Bí ìlà yẹn kò bá tíì kọjá, olùtajà kò rí ìdí kankan tó fi yẹ kó dín owó rẹ̀ kù tàbí kó gbé e kúrò. Bí òórùn ṣe ń lọ lójoojúmọ́, orí oníbàárà ni àdánù ń bọ́ sí, owó tó ń san kò sì yí padà.

Ìyàtọ̀ tí mo rí láàárín àwọn méjèèjì nìyí: ọjọ́ ìbí ni igbá fi ń tajà, ọjọ́ ikú ni ìgò fi ń tajà. Fún bíà lásán, ọjọ́ ikú ti tó. Fún ọtí dúdú tó lágbára gan-an, tí ọjọ́ orí tilẹ̀ lè mú kó dùn sí i, ó ti tó. Fún bíà tí òórùn họ́ọ̀pù jẹ́ gbogbo ẹwà rẹ̀, kò tó rárá. Àwọn kan ti mọ èyí. Iléeṣẹ́ Stone Brewing ní California gbé bíà kan jáde ní 2012 tí wọ́n sọ ní Enjoy By, tí ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n mu ún tán jẹ́ apá kan orúkọ rẹ̀, gàdàgbà lójú ìgò. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ni wọ́n fún un.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn apọntí àti olùtajà wa kò le. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ pọn ọtí sí ibi tí ojú lè rí i. Ẹ pọn ìwọ̀nba tí ọjà àdúgbò lè mu. Ẹ gbé e sínú òtútù láti ọ̀dọ̀ apọntí títí dé ọwọ́ oníbàárà, ibi tí iná mànàmáná kò bá sì ṣeé gbára lé, ẹ má tà á níbẹ̀, nítorí bíà lásán yóò ṣe ibẹ̀ dáadáa. Bó bá ti kọjá oṣù mẹ́ta, ẹ dín owó rẹ̀ kù, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀. Ìwọ tó ń rà á náà, bèèrè ọjọ́ ìbí rẹ̀ kó o tó bèèrè iye rẹ̀, bí àwọn oníbàárà tchoukoutou ṣe máa ń bèèrè bóyá tòní ni tàbí tàná. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó ọtí tuntun, ẹ̀tọ́ ni kó fi hàn pé ọtí náà tuntun.