Báàgì ọwọ́ kan láti Zaria dé Jámánì: oògùn ló yẹ kó kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀

Ìlú Zaria ní ìpínlẹ̀ Kaduna ni ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ọkọ̀ òfurufú ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, NCAT, wà láti ọdún 1964. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ òfurufú ilẹ̀ yìí ló gba ibẹ̀ kọjá kí wọ́n tó máa gbé èrò. Síbẹ̀síbẹ̀, olùgbé Samaru tàbí Sabon Gari tó bá fẹ́ lọ fi ọ̀sẹ̀ kan najú ní Berlin, Hamburg tàbí Munich yóò kọ́kọ́ forí lé Abuja tàbí Kano, nínú ọkọ̀ akérò tàbí ọkọ̀ ojú irin láti Kaduna, kí ọ̀rọ̀ bàálù tó dé.

Irú ìrìn-àjò ọlọ́nà púpọ̀ báyìí ló ń mú kí àwọn kan pinnu pé àwọn kò ní gbé ju báàgì ọwọ́ lọ, ìyẹn èyí tí èrò ń gbé wọ inú bàálù tí ó sì ń fi sókè orí rẹ̀. Owó ìwé ìrìnnà máa ń dínkù fún ẹni tí kò ní ẹrù ní ikùn bàálù, kò sì ní í dúró de ẹrù nígbà tó bá sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju ti owó lọ. Ẹrù tó wọ ikùn bàálù lè ṣìnà fún ọjọ́ mélòó kan. Bí aṣọ ló wà nínú rẹ̀, a ó ra òmíràn. Bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ ló wà níbẹ̀, ọ̀ràn ti di ti ẹ̀mí, nítorí pé ilé oògùn ní Jámánì kì í ta ọ̀pọ̀ oògùn tí wọ́n ń tà fàlàlà ní Nàìjíríà láìsí ìwé dókítà. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan sì wà tó jẹ́ pé bí aláìsàn bá dá wọn dúró lójijì, ìfúnpá rẹ̀ lè fò sókè kọjá ibi tó wà tẹ́lẹ̀.

Kìló mẹ́jọ, kí ni yóò gba inú rẹ̀?

Ilé-iṣẹ́ Lufthansa, tó ń gbé èrò láti Abuja àti Èkó lọ sí Frankfurt, fàyè gba báàgì ọwọ́ kan tí kò ju kìló 8 lọ fún èrò tó wà ní ìjókòó gbogbogbòò. Gígùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá sẹ̀ǹtímítà 55, ìbú rẹ̀ 40, jíjìn rẹ̀ 23. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn kò fàyè gbà ju kìló 7 lọ. Báàgì oníkẹ̀kẹ́ òfìfo nìkan lè jẹ kìló méjì tàbí mẹ́ta nínú iye yìí, nítorí náà ẹni tó ń lọ fún ọjọ́ márùn-ún kò nílò agbádá mẹ́ta, bó ti wù kí léèsì náà dára tó.

Oògùn ni kó kọ́kọ́ wọlé. Kí ó wà nínú páálí tàbí ìgò tí ilé oògùn fi tà á, pẹ̀lú orúkọ aláìsàn lára rẹ̀ bó bá ṣeé ṣe, kì í ṣe nínú ọ̀rá tí a da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí. Ìwé dókítà tó bá a rìn gbọdọ̀ dá orúkọ gidi oògùn náà, kì í ṣe orúkọ tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fún un, nítorí orúkọ ọjà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ní Zaria lè jẹ́ àjèjì pátápátá sí apoògùn ní Berlin. Òfin Jámánì gba arìnrìn-àjò láyè láti mú oògùn ara rẹ̀ wọlé níwọ̀n tí yóò lò fún oṣù mẹ́ta ó pọ̀ jù.

Ti oògùn ìrora líle bíi mọ́fíìnì yàtọ̀. Ìwé ẹ̀rí dókítà tí àwọn aláṣẹ ètò ìlera fọwọ́ sí ló gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e, kí ó sì sọ orúkọ oògùn náà, ìwọ̀n rẹ̀ àti iye ọjọ́ tí aláìsàn yóò fi lò ó, èyí tí kò gbọdọ̀ ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ. Àwọn tó ní àrùn fọ̀níkúfọ̀ládìde ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, kí wọ́n sì tètè bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé náà ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò.

Ẹni tó ń lo ínsúlínì ní ìdí méjì láti mú un dání. Òtútù ikùn bàálù lè mú kí ó dì, ínsúlínì tó bá sì ti dì kò wúlò mọ́. Ooru náà ń bà á jẹ́. Láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin, bọ́ǹtù ọkọ̀ tó ń sáré láti Zaria lọ sí Abuja máa ń gbóná bí ààrò. Nítorí náà, orí itan èrò ni kí báàgì oògùn wà láti inú gáréèjì. Àwọn àpò kan wà tí a ń rì sínú omi, tí afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ sí wọn lára títí wọn yóò fi tutù, gẹ́gẹ́ bí àmù ṣe ń mú omi tutù. Ojú ọjọ́ gbígbẹ ilẹ̀ Hausa gan-an ló mú wọn wúlò.

Ní ti àkókò lílo oògùn, àǹfààní ńlá wà níbẹ̀. Ní ìgbà òtútù, aago Jámánì àti ti Nàìjíríà kò yàtọ̀ rárá. Ní ìgbà ooru, wákàtí kan péré ni Jámánì fi ṣáájú.

Àgbo nínú ike omi

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2006, àwọn agbófinró ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tú àṣírí àwọn tó gbìmọ̀ láti fi ohun olómi ba bàálù jẹ́ lójú òfurufú. Láti oṣù Kọkànlá ọdún náà ni Àjọ Ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù ti pàṣẹ pé ohun olómi inú báàgì ọwọ́ kò gbọdọ̀ ju mìlílítà 100 lọ nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo wọn sì gba inú ọ̀rá onílítà kan tó hàn kedere. Lóòótọ́, àwọn pápákọ̀ kan ní Yúróòpù ti ń fi ẹ̀rọ ayẹ̀wò tuntun dẹwọ́ òfin yìí láti ọdún 2025, ṣùgbọ́n kò kárí, arìnrìn-àjò kò sì mọ ẹ̀rọ tí yóò bá pàdé.

Oògùn olómi tí aláìsàn yóò lò lójú ọ̀nà àti oúnjẹ ọmọ ọwọ́ kò sí lábẹ́ òfin náà. Kí ó yọ wọ́n sọ́tọ̀, kí ó sì fi wọ́n han òṣìṣẹ́ ayẹ̀wò kí wọ́n tó bèèrè. Àgbo tí a rọ sínú ike omi kò ní ìwé dókítà tí yóò gbè é lẹ́sẹ̀, inú garawa ìdọ̀tí ni yóò parí sí.

Òmíràn tún wà, èyí tí kò sí nínú ìwé òfin ilé-iṣẹ́ bàálù kankan. Bí ìròyìn bá ti tàn ládùúgbò pé lágbájá ń lọ sí Jámánì, ará àti ọ̀rẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù wá: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fún ẹ̀gbọ́n mi ní Cologne.” Inú gàárì tàbí èlùbọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn ń tọ́jú tramadol tàbí oògùn olóró sí. Àjọ NDLEA kì í bèèrè ẹni tó ni gàárì. Ọwọ́ ẹni tí wọ́n bá a ni wọ́n ń mú. Kòdéènì inú oògùn ikọ́ olómi, tí ìjọba fòfin de ṣíṣe àti kíkó wọlé rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, náà kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni bá ẹlòmíràn gbé. Ẹni tó ní báàgì kìló 8 nìkan ní àwáwí tí kò bí ẹnikẹ́ni nínú: kò sí àyè.

Òtútù, ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn

Ará Zaria mọ ọyẹ́, ó sì ní súwẹ́tà nílé. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ kọ́ ni òtútù Berlin ní oṣù Kìíní, nígbà tí omi ń dì lójú títì. Ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta tí a wọ̀ léra máa ń mú ara móoru ju ẹ̀wù ńlá kan ṣoṣo lọ, nítorí afẹ́fẹ́ tó há sáàárín wọn. Ẹ̀wù òtútù tó wúwo jù àti bàtà tó nípọn jù, ara ni kí a ti wọ̀ wọ́n wọ bàálù. Ẹnìkan kì í wọn èyí tó wà lọ́rùn èrò. Kí bàtà náà má sì jẹ́ tuntun. Ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ tí bàtà tuntun bó lè di egbò tí kò tètè jiná.

Fún àwọn tó ní SS, aṣọ òtútù kì í ṣe ohun tí a lè yọ kúrò nítorí kìló. Òtútù àti àìtó omi lára wà lára ohun tó máa ń fa ìrora egungun wọn. Afẹ́fẹ́ inú bàálù gbẹ, atẹ́gùn ẹ̀mí inú rẹ̀ sì dà bí ti ẹni tó wà lórí òkè tó ga tó nǹkan bíi mítà 1,800 sí 2,400. Kí wọ́n rí dókítà wọn ṣáájú, kí wọ́n sì gbé ike òfìfo kọjá ibi ayẹ̀wò, kí wọ́n pọn omi sí i níwájú, kí wọ́n máa mu ún.

Ìrìn-àjò láti Abuja dé Frankfurt tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2007 fi hàn pé ìjókòó lójú kan tó kọjá wákàtí mẹ́rin ń sọ ewu dídì ẹ̀jẹ̀ nínú iṣan di ìlọ́po méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan bí ẹnìkan nínú 6,000 ló ń kàn. Ẹni tó di báàgì kékeré kejì títí tó fi kún abẹ́ ìjókòó iwájú rẹ̀ ti gba àyè ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kí ó máa dìde rìn.

Ẹ̀yìn náà ń jàǹfààní. Ẹni tó bá fẹ́ dé Bayreuth láti wo Iwalewahaus, ilé iṣẹ́ ọnà tí Ulli Beier dá sílẹ̀ ní ọdún 1981, tó sì fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sọ lórúkọ, sábà máa ń pààrọ̀ ọkọ̀ ojú irin ní Nuremberg. Báàgì kìló 23 lórí àtẹ̀gùn lè bá ẹ̀yìn ẹni àádọ́ta ọdún débi tí yóò fi dùbúlẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì.

Ibà tó bá èrò wọ bàálù

Ewu tó tóbi jù lọ kì í wúwo. Kòkòrò ibà tí ẹ̀fọn fi sí ènìyàn lára ní Zaria lè wà níbẹ̀ fún ọjọ́ méje sí ọgbọ̀n ọjọ́ kí ara tó gbóná. Ó lè jẹ́ òpópónà Hamburg ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà ibẹ̀ lè kọ́kọ́ rò pé ọ̀fìnkìn ni, nítorí ibà kì í ṣe ohun tó ń rí lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó yẹ kó jáde lẹ́nu aláìsàn ni pé Nàìjíríà ni òun ti wá, kí ó sì bèèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ibà lọ́jọ́ náà gan-an. Hamburg ní ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí àrùn ilẹ̀ olóoru, Bernhard Nocht, láti ọdún 1900. Káàdì kan tí a kọ irú ẹ̀jẹ̀, àìsàn àti oògùn ẹni sí kò tó gíráàmù márùn-ún.

Nọ́ńbà tí a ń pè fún pàjáwìrì ní Jámánì ni 112. Ti dókítà fún àìsàn tí kò le tó bẹ́ẹ̀ ni 116117. Àmì lẹ́tà A pupa ni a fi ń mọ ilé oògùn. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń tì ní ọjọ́ Àìkú, àfi èyí tí iṣẹ́ kàn. Ìwé ìdójútòfò ìlera tó tó 30,000 yúrò, tí wọn kò lè fún ènìyàn ní físà láìsí i, kí ó wà lọ́wọ́, kí oníwèé sì ka ohun tí kò dá sí nínú rẹ̀, pàápàá àìsàn tó ti wà lára tẹ́lẹ̀.

Ó ku kílíṣí. Kò sí ẹbun tó rọrùn láti gbé ju kílíṣí lọ: ó gbẹ, ó fúyẹ́, kò sì tètè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n Yúróòpù kò gba ẹran tàbí ohun tí a fi wàrà ṣe lọ́wọ́ arìnrìn-àjò tó ti ìta wá, nítorí àrùn ẹran ọ̀sìn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025 ni àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ẹfọ̀n odò kan ní Brandenburg, nítòsí Berlin, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Jámánì láti ọdún 1988. Àwọn aṣọ́bodè kò sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Nínú àwọn èso, márùn-ún péré ni kò nílò ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn: ọ̀gẹ̀dẹ̀, àgbọn, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, èso ilẹ̀ Éṣíà kan tí wọ́n ń pè ní durian, àti dàbínù, èyí tó kún ọjà Sabon Gari.