Tọ́ọ̀ṣì Tí A Kò Ṣe fún Ṣíṣí

Ní ọdún 1899 ni ìjọba Amẹ́ríkà fún David Misell ní ìwé-ẹ̀tọ́ lórí iná àfọwọ́mú tí ó ń lo bátìrì gbígbẹ nínú ọ̀pá gbọọrọ. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, tọ́ọ̀ṣì jẹ́ ohun tí ọmọdé pàápàá lè tú: a óò yí ìdí rẹ̀, bátìrì méjì yóò jáde, a óò sì fi tuntun rọ́pò wọn. Tọ́ọ̀ṣì oníṣáájì tí ó kún ọjà lónìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ike ni gbogbo ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ìdérí, a kò sì lè rí ojú súkúrù kan. Bí kò bá tàn mọ́, ààtàn ni ó ń lọ. Ìbéèrè tí ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ bi ara wọn ni pé: kí ni ó kú nínú rẹ̀, kí sì ni ìdí tí wọ́n fi dí i pa?

Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun kan ṣoṣo ni ó kú. Àwọn gílóòbù kéékèèké tí a ń pè ní LED lè tàn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí, ṣùgbọ́n bátìrì kò ní irú ẹ̀mí gígùn bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀ṣì olówó pọ́ọ́kú, bátìrì òjé fóòtì 4 ni ó wà níbẹ̀: yàrá méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòtì 2. Bí a bá lo irú bátìrì bẹ́ẹ̀ tán, tí a sì gbé e sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìfi iná sí i, èépá funfun kan yóò le mọ́ òjé inú rẹ̀, kò sì ní lè gba iná dáadáa mọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ìgbàgbé a máa pa á kí iṣẹ́ tó pa á.

Ní ti dídì í pa, àwọn kan gbà pé kí ènìyàn lè máa ra òmíràn nìkan ni. Òtítọ́ díẹ̀ lè wà nínú èyí. Iṣẹ́ kíákíá ni dídì í pa jẹ́ fún ilé iṣẹ́: ẹ̀rọ kan lè gbọn etí ike méjèèjì ní nǹkan bí ìgbà 20,000 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ooru rẹ̀ yọ́ wọn pọ̀ di ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìdí mìíràn wà tí ó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fóòtì 230 ni iná ilé. Díẹ̀ lé ní 4 sì ni bátìrì náà ń fẹ́. Ẹ̀rọ tí ó dára a máa lo tiransífọ́mà, èyí tí ó ya iná ilé sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ọwọ́ lè kàn. Ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀ṣì olówó pọ́ọ́kú kò ní in. Kàpásítọ̀ kan ni wọ́n fi ń dín ìṣàn iná kù, kò sì ya wáyà inú wọn kúrò lára iná ilé. Nígbà tí a bá ki irú rẹ̀ bọ ojú iná, irin inú rẹ̀, títí kan ẹnu bátìrì, lè pa ènìyàn. Ara ike náà nìkan ni odi tí ó wà láàrin iná yẹn àti ọwọ́ ẹni.

Nítorí náà, òfin àkọ́kọ́ ni pé a kì í ṣí tọ́ọ̀ṣì tí ó wà lójú iná. A óò yọ ọ́, a óò sì fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, nítorí kàpásítọ̀ lè fi iná pamọ́. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ: kí a ka ohun tí a kọ sí ara rẹ̀. Bí bátìrì rẹ̀ bá jẹ́ ti lithium, tí ó sì ti wú, a kì í fi abẹ kàn án, nítorí ó lè gbiná. Lẹ́yìn èyí, kí a wá súkúrù. Ó a máa fara pamọ́ sábẹ́ ìwé àlẹ̀mọ́, sábẹ́ ẹsẹ̀ rọ́bà, tàbí sẹ́yìn òrùka iwájú. Bí a bá fi ìka tẹ ìwé náà, ibi tí ó bá jìn wọnú ni ó ṣeé ṣe kí ihò súkúrù wà. Bí gúlúù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná, tí a sì fún gbẹ, lè mú un rọ̀. Bí wọ́n bá yọ́ ike pọ̀, a óò máa fi abẹ tín-ín-rín fa ojú ìpàdé wọn díẹ̀díẹ̀, kí ẹnu abẹ má kọjú sí ọwọ́ tí ó di tọ́ọ̀ṣì mú, kí ó má sì wọlé jìn dé ibi wáyà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nígbà tí ó bá ṣí, kí akẹ́kọ̀ọ́ ya àwòrán bí wáyà pupa àti dúdú ṣe lọ kí ẹnikẹ́ni tó yọ ohun kan. Mítà ni yóò dá ẹjọ́: bátìrì òjé tí ara rẹ̀ dá, tí ó sì yó, yóò fi díẹ̀ lé ní fóòtì 4 hàn. Bí bátìrì bá dára, kí a wo wáyà tí ó já àti bọ́tìnnì. Bátìrì òjé ni a fi ń rọ́pò bátìrì òjé. A kì í fi ti lithium dípò rẹ̀, nítorí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gba iná yàtọ̀. Tọ́ọ̀ṣì tí a fi okùn dì kò gbọdọ̀ padà sí ojú iná. Bí a kò bá lè lẹ̀ ẹ́ pọ̀ yí ká láìsí àlàfo, kí a gé wáyà tí ó lọ sí ẹnu iná rẹ̀, kí ó di ohun ìkọ́ni nìkan. Májèlé sì ni òjé, ó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. A kì í fọ́ bátìrì tí ó kú, bẹ́ẹ̀ ni a kì í sun ún.

Ní ọdún 2023, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin kan tí ó fi 18 oṣù Kejì ọdún 2027 ṣe ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ ohun èlò tí a ń tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí olówó rẹ̀ lè yọ bátìrì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Dídì pa kì í ṣe kádàrá. A lè ṣe tọ́ọ̀ṣì tí ó ní odi fún iná ilé, tí ó sì ní ilẹ̀kùn fún bátìrì. Kí irú rẹ̀ tó kún ọjà, ẹni tí ó bá mọ ohun tí ń bẹ nínú ike ni yóò mọ èyí tí ó ṣeé ṣí àti èyí tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀.