Ìsinmi Kì Í Ṣe Ti Olówó Nìkan: Ohun Tí Ìgbà Kòrónà Kọ́ Wa Nípa Òtẹ́ẹ̀lì àti Ìrìn-àjò Nílé

 

Ìbéèrè kan la fẹ́ kọ́kọ́ bi yín. Ìgbà wo lẹ rìnrìn-àjò kẹ́yìn tí kì í ṣe pé ẹ lọ ra ọjà, tí kì í ṣe òkú, tí kì í ṣe ìgbéyàwó, tí kì í ṣe ìpàdé ẹbí? Púpọ̀ nínú wa ni kò ní lè dáhùn. Àwọn alájàpá wa mọ ọ̀nà Kánò, wọ́n mọ ọ̀nà Jọ́ọ̀sì, wọ́n mọ Ṣakí àti Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ẹrù ni wọ́n máa ń sùn sí. A mọ ọ̀nà, a ò mọ ìlú. Ìrìn-àjò míì ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí, èyí tí èèyàn ń rìn kí ara lè sinmi. A fẹ́ ṣàlàyé bí àwọn òtẹ́ẹ̀lì ilẹ̀ wa ṣe yíjú sí ará ilé lẹ́yìn kòrónà, ìdí tí owó yàrá fi ń lọ sókè sódò, àti bí oníṣòwò ṣe lè jẹ àǹfààní rẹ̀ láì ba òwò rẹ̀ jẹ́.

KÍ LÓ ṢẸLẸ̀ NÍ ỌDÚN 2020?

Ẹ ò tíì gbàgbé. Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn kòrónà ní Nàìjíríà. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta, kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó àti ní Àbújá. Wọn ò ti ọjà oúnjẹ pa pátápátá, nítorí pé aráyé gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ra apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan lọ́wọ́ wa, ìyẹn àwọn òtẹ́ẹ̀lì, àwọn ilé oúnjẹ àti àwọn tó ń se oúnjẹ òde àríyá, kò sí èyí tó yọjú nínú wọn. Tòmátì dé, oníbàárà ò dé. Níbẹ̀ lọ̀pọ̀ wa ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì kàn wá.

Ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn náà díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kẹfà, wọ́n gbà kí òtẹ́ẹ̀lì ṣílẹ̀kùn, bí wọ́n bá pa òfin ìmọ́tótó mọ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù keje, wọ́n ṣí ọ̀nà láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Ní ọjọ́ 8 oṣù keje, bàálù tún bẹ̀rẹ̀ sí í fò láàárín Èkó àti Àbújá. Ṣùgbọ́n bàálù tó ń lọ sí òkè òkun, ó di ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án.

Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀ dáadáa. Fún nǹkan bí oṣù méjì, ọ̀nà ilé ti ṣí, ọ̀nà òkè òkun ò tíì ṣí. Olówó tó máa ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Dùbáì ò rí ibi lọ, ilé ni kálukú kọjú sí. Àwọn kan gba Ìbàdàn lọ, àwọn kan gba Èkìtì lọ. Àwọn míì ò tilẹ̀ kúrò l'Ékòó: wọ́n gbé báàgì kékeré, wọ́n lọ gba yàrá ní Lẹ́kí tàbí Ìkẹjà, wọ́n sun òru méjì, wọ́n padà sílé. Ìsinmi nínú ìlú ẹni nìyẹn. Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2023, WHO, ìyẹn Àjọ Ìlera Àgbáyé, kéde pé kòrónà kì í ṣe pàjáwìrì àgbáyé mọ́. Kòrónà lọ sílẹ̀, àṣà náà ò lọ. Ọ̀rọ̀ owó tún wá dá kún un: dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí 460 náírà kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé ti kọjá 1,500 náírà nígbà tó di ọdún 2024. Ẹni tó ń ná náírà, ilé ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù.

YÀRÁ ÒTẸ́Ẹ̀LÌ ÀTI TÒMÁTÌ, ỌMỌ ÌYÁ KAN NÁÀ NI WỌ́N

Èyí ni kókó tí a fẹ́ kí ẹ dì mú. Tòmátì tó pọ́n lónìí, bí a ò bá tà á lónìí, ọ̀la ló máa rọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹni tó ń tà á á dínwó, nítorí pé kékeré tó wọlé sàn ju òfo lọ. Bí yàrá òtẹ́ẹ̀lì náà ṣe rí gan-an nìyẹn. Yàrá tí ẹnikẹ́ni ò sùn sí lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọn ò lè kó alẹ́ náà pamọ́ kí wọ́n tà á lọ́jọ́rú. Ó ti jẹrà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, wọ́n máa sanwó ọlọ́dẹ, wọ́n máa sanwó òṣìṣẹ́, wọ́n máa ra dísù sí jẹnẹrétọ̀, àlejò wá o, àlejò ò wá o.

Ìdí nìyí tí òtẹ́ẹ̀lì tó ń gbójú lé oníṣòwò òyìnbó àti ìpàdé àwọn ilé iṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dínwó fún ará ìlú lẹ́yìn kónílé-ó-gbélé, tí wọ́n ń fi oúnjẹ àárọ̀ àti odò ìlúwẹ̀ṣe ènì. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ata rodo ṣe ènì lé tàtàṣé lórí, ẹ mọ ohun tí à ń sọ.

Ọjọ́ náà tún ṣe pàtàkì. Òtẹ́ẹ̀lì tó wà láàárín ọ́fíìsì, bí irú ti Ìkẹjà, ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀ ló sábà máa ń kún, nítorí pé àwọn tó wá ṣiṣẹ́ ló ń sùn síbẹ̀. Bó bá di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á padà sílé, yàrá á ṣófo. Ti etí òkun àti ti ibi ìgbafẹ́ yàtọ̀: ọjọ́ Àbámẹ́ta, Kérésì àti Iléyá ni tiwọn ń kún, àárín ọ̀sẹ̀ ló máa ń dá. Níbi yìí ni àwa oníṣòwò ti lágbára ju akọ̀wé lọ. Akọ̀wé gbọ́dọ̀ dúró de òpin ọ̀sẹ̀, ọjọ́ tí gbogbo ayé ń lọ. Àwa tí a ni ìsọ̀ wa lè mú ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́rú, nígbà tí ọjà òtẹ́ẹ̀lì tutù. Ẹ bèèrè iye tí yàrá jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ àti iye tó jẹ́ lópin ọ̀sẹ̀ kí ẹ tó mú ọjọ́. Kí ẹ sì ná an. Kò sí èèwọ̀ níbẹ̀, pàápàá bí ẹ bá fẹ́ gba yàrá márùn-ún tàbí mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan.

ṢÉ ÌSINMI TÓ OHUN TÍ À Ń NÁWÓ LÉ?

Àwọn kan á ní, "Owó tí mo fẹ́ fi sùn sí òtẹ́ẹ̀lì, ṣé kí n má fi ra apẹ̀rẹ̀ méjì sí i?" A ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, WHO àti ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu àrùn rọpárọsẹ̀ tirẹ̀ fi nǹkan bí 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ. Ewu kí àrùn ọkàn pa á sì fi 17 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ jù.

Ẹ bá wa ṣírò tiwa. Ẹni tó dé ọjà ní aago márùn-ún ìdájí láti pàdé tírélà, tó kúrò ní aago méje alẹ́, wákàtí 14 ló ṣe. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́fà, wákàtí 84 nìyẹn, láì ka ọbẹ̀ tó máa sè tó bá délé. Ara líle loògùn ọrọ̀. Òru méjì ní òtẹ́ẹ̀lì kì í ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, ẹ lo oògùn tí dókítà bá kọ, ẹ dín wákàtí kù níbi tó bá ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ara tí a ò fún nísinmi rí ò ní mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi. Ibì kan la ti máa bẹ̀rẹ̀.

IBI TÍ A LÈ LỌ LÁTI KÉTU

Àgbádárìgì: ìpínlẹ̀ Èkó níbí ni. Ibẹ̀ ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, èyí tí wọ́n kọ́ parí ní ọdún 1845. Ibẹ̀ náà ni ẹ ti lè rí ọ̀nà tí wọ́n gbà kó àwọn baba ńlá wa lọ sóko ẹrú.

Abẹ́òkúta: Òkè Olúmọ tó dáàbò bo àwọn Ẹ̀gbá nígbà ogun. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ agbéniròkè síbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin tí orúnkún ń dùn bèèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà kí ẹ tó sanwó. Ọjà àdìrẹ Ìtòkú ò jìnnà síbẹ̀. A bẹ̀ yín, ẹ má tún sọ ìsinmi di ọjà rírà.

Ìbàdàn: Ilé ìṣọ́ Bower tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1936 ṣì wà lórí òkè, òrùlé páànù Ìbàdàn lẹ máa rí lọ salalu láti ibẹ̀. Ọgbà Agodi wà fún ẹni tó fẹ́ jókòó lábẹ́ igi.

Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2021, gba Abẹ́òkúta kọjá. Kìlómítà 157 ni. Ará Kétu lè wọ̀ ọ́ ní Àgége tàbí ní Alágoméjì. Mọ́níyà ló ń já èèyàn sí n'Íbàdàn, ó jìnnà díẹ̀ sí ìgboro, nítorí náà ẹ fi owó ọkọ̀ míì kún ìṣirò yín.

Ẹni tó bá ní ọjọ́ mẹ́ta sọ́wọ́ lè lọ sí Ìkọgòsì ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé. Tàbí Erin-Ìjẹ̀ṣà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí omi ti ń dà láti orí òkè ní ìpele méje. Tàbí igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo tí UNESCO kọ sára ogún àgbáyé ní ọdún 2005. Ibi yòówù kí ẹ lọ, ojúmọmọ ni kí ẹ rìn. Ẹ má wọ ọkọ̀ òru, kí ẹnì kan nílé sì mọ ibi tí ẹ wà. Ẹni tó bá gba etí òkun lọ, kó jókòó sórí iyanrìn jẹ́jẹ́. Ìgbì òkun wa lágbára, ó ń fa èèyàn wọlé.

OHUN TÍ Ẹ MÁA BÈÈRÈ KÍ Ẹ TÓ SANWÓ

Èkíní, ṣé VAT ti wà nínú iye tí wọ́n pè? 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Lórí yàrá 40,000 náírà, 3,000 náírà nìyẹn.

Èkejì, oúnjẹ àárọ̀ ńkọ́? Ṣé ti ẹnì kan ni àbí ti ẹni méjì?

Ẹ̀kẹta, aago mélòó ni wọ́n ń gba àlejò, aago mélòó ni àlejò gbọ́dọ̀ jáde? Ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ń gba àlejò ní aago méjì ọ̀sán, wọ́n sì ń ní kó jáde ní aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ẹni tó dé láago mẹ́sàn-án alẹ́ ti pàdánù wákàtí méje nínú àkókò tó sanwó rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, wákàtí mélòó ni wọ́n ń tan iná tí NEPA bá mú u lọ?

Ẹ̀karùn-ún, bí wọ́n bá gba owó ìdógò, ìgbà wo ni wọ́n máa dá a padà? Ẹ gba rìsíìtì. Kí ẹ wo yàrá kí ẹ tó sanwó, bí a ṣe ń yẹ ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ wò.

"WỌ́N Á NÍ KÍ NI MO LỌ ṢE NÍ ÒTẸ́Ẹ̀LÌ?"

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ló ń di ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ ju owó lọ. Láyé àtijọ́, bí wọ́n bá rí obìnrin lẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì, ó di ọ̀rọ̀ àdúgbò. Ṣùgbọ́n yàrá tí èèyàn fi owó ara rẹ̀ gbà láti sùn, kò sí ẹ̀gàn nínú rẹ̀. Ẹ sọ fún bàbá ilé. Bó bá lè bá yín lọ, ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí kò bá lè lọ, ẹ mú ọmọbìnrin yín tàbí ìyá yín dání, tàbí kí ẹgbẹ́ lọ papọ̀. Bí ìyá mẹ́wàá bá wọ ọkọ̀ kan náà lọ, tí wọ́n bọ̀ papọ̀, ta ló máa bú wọn?

ÀJỌ ÌSINMI

Àjọ kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Bí ẹnì kan bá ń dá 500 náírà lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, 3,000 náírà ni lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ 50, ó di 150,000 náírà. Ẹni tí agbára rẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀ lè dá 200 náírà, kó lọ fún òru kan ṣoṣo. Kí owó yìí yàtọ̀ sí owó ọjà, kí ẹnikẹ́ni má sì fi owó èlé lọ sinmi. Gbèsè kì í jẹ́ kí èèyàn sùn.

Ti ìsọ̀ ńkọ́? Ẹ má lọ lọ́jọ́ tí ẹrù bá ń dé. Ẹ ta èyí tó máa bàjẹ́ tán kí ẹ tó lọ, kí ẹni tó wà nísọ̀ ẹ̀gbẹ́ bá yín mójú tó èyí tó kù, kí ẹ̀yin náà dúró fún un nígbà tó bá kàn án. Bí a ṣe ń ṣe é tí ẹnì kan bá bímọ nìyẹn. Ọjà ò parun nígbà náà.

Ẹ sì rántí pé bí òtẹ́ẹ̀lì Ìbàdàn àti ti Abẹ́òkúta bá ń rí àlejò, tòmátì ni wọ́n ń rà, ata ni wọ́n ń rà, ọ̀sàn àti ọ̀pẹ òyìnbó ni wọ́n ń rà. Owó tí a ná nílé máa ń rìn padà wá sọ́jà.

Kí ẹni tó bá fẹ́ dá sí àjọ ìsinmi bá àwọn ìyá ìsọ̀ tó wà ní ìlà rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí wọ́n yan ọjọ́, kí wọ́n yan alájọ tó ṣeé fọkàn tán. Ẹ lọ ire, ẹ bọ̀ ire, kí ẹ wá ròyìn fún wa.