Títúmọ̀ “Hypothyroïdie Fruste”: Àìsàn àbí Ìlọ́ra?

Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní Adidogomé, ní Lomé. Bí “hypothyroïdie fruste” bá wà nínú rẹ̀, báwo ni Yorùbá ibẹ̀ yóò ṣe túmọ̀ rẹ̀ nílé? Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé TSH, tó ń ti táírọ́ọ̀dì ṣiṣẹ́, ti lọ sókè, ṣùgbọ́n T4 tí táírọ́ọ̀dì ń ṣe ṣì tó.

“Gẹ̀gẹ̀” kò bá a mu: ọrùn tó wú ló ń tọ́ka sí, kì í ṣe bí táírọ́ọ̀dì ṣe ń ṣiṣẹ́. “Àìsàn táírọ́ọ̀dì” náà léwu, torí ẹni tó bá gbọ́ “àìsàn” yóò béèrè oògùn. Bẹ́ẹ̀, nínú ìwádìí TRUST (2017), láàárín 737 àgbàlagbà ní Yúróòpù, levothyroxine kò dín àárẹ̀ kù ju hóró tí kò ní oògùn nínú lọ. Bí TSH kò bá kọjá 10, dókítà sábà máa ń tún àyẹ̀wò ṣe ná. Ti aláboyún yàtọ̀.

A dábàá “táírọ́ọ̀dì tó ń lọ́ra”. “Lọ́ra” sọ ohun tí àyẹ̀wò rí; kò pè é ní àìsàn, kò sì sọ pé kò lè di àìsàn. Ìpinnu ṣì kù sọ́wọ́ dókítà àti ẹni tó lara.