Kí ló dé tí kóòdù wa kò yá nígbà tí a gbé e sórí GPU?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ Python ló ti gbọ́ pé GPU yára ju CPU lọ. Wọ́n á wá gbé kóòdù wọn sórí GPU, wọ́n á sì rí i pé kò yá rárá. Nígbà mìíràn gan-an, ó tún falẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! Kí ló fà á? Ẹ jẹ́ ká tú u wò díẹ̀díẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ inú CPU kò pọ̀, àmọ́ kò sí irú iṣẹ́ tí wọn ò lè ṣe. GPU ní tirẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ kéékèèké tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà pa pọ̀. Àwọn méjèèjì nílò ara wọn: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Wàhálà ibẹ̀ ni pé, nínú kọ̀ǹpútà tó ní káàdì GPU, kálukú ló ní mẹ́mórì tirẹ̀, ìyẹn ibi tí détà ń gbé nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Inú mẹ́mórì CPU ni Python máa ń kó détà sí. Kí GPU tó lè yára ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, a ní láti kó o sọdá. Ọ̀nà tí ẹrù náà ń gbà kọjá ni wọ́n ń pè ní PCIe.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó

Káàdì RTX 3090 ti NVIDIA lè ka 936 GB láti inú mẹ́mórì tirẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àmọ́ ọ̀nà PCIe tó so ó mọ́ CPU kò lè gbé ju nǹkan bíi 32 GB lọ láàárín àkókò kan náà.

Ká ní a fẹ́ ro àkójọ nọ́ńbà méjì pọ̀, tí nọ́ńbà mílíọ̀nù 250 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí nọ́ńbà kan bá gba báìtì 4, àkójọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1 GB. A ó kó 2 GB lọ, a ó sì kó èsì 1 GB bọ̀. Lílọ bíbọ̀ yẹn á gba nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdù 94. Ìròpọ̀ náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Bíi mílísẹ́kọ́ǹdù 3 péré! CPU tí mẹ́mórì rẹ̀ lè gbé 51 GB láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ìbá sì ti parí gbogbo rẹ̀ ní nǹkan bíi 60, láìkó ẹrù lọ síbì kankan. Ṣé ẹ ti rí ibi tí àkókò ń bá lọ?

Ọ̀nà àbáyọ

Àkọ́kọ́, tí détà bá ti dé orí GPU, ẹ jẹ́ kó dúró síbẹ̀. Ẹ ṣe gbogbo ìṣirò yín níbẹ̀ tán, kẹ́ ẹ tó gba èsì ìkẹyìn padà.

Ìkejì, ẹ pín àdírẹ́sì dípò ẹrù. Tí PyTorch àti CuPy bá fẹ́ lo détà kan náà lórí GPU, DLPack ló ń ṣe alárinà wọn. Ibi tí détà wà, bó ṣe tò àti irú nọ́ńbà tó jẹ́ nìkan ló máa ń sọ fún ẹnì kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni torch.from_numpy ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ CPU: tẹ́ ẹ bá yí nọ́ńbà kan padà nínú NumPy, ó ti yí padà nínú PyTorch nìyẹn.

Ìkẹta, lọ́dún 2014, CUDA 6 mú Unified Memory wá, èyí tó jẹ́ kí CPU àti GPU lo àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Àmọ́ tí káàdì bá ní mẹ́mórì tirẹ̀, ẹrù ṣì ń gba ojú PCIe kọjá. Ọwọ́ yín ni kò sí níbẹ̀ mọ́. Ti M1 tí Apple gbé jáde lọ́dún 2020 yàtọ̀: mẹ́mórì kan náà ni CPU àti GPU rẹ̀ jọ ń lò.

Ta ló máa palẹ̀ mọ́?

Ohun àjọlò ní ìṣòro tirẹ̀. Python máa ń palẹ̀ détà mọ́ nígbà tí kò bá sí ẹni tó ń lò ó mọ́. Tó bá palẹ̀ rẹ̀ mọ́ nígbà tí ẹlòmíì ṣì di àdírẹ́sì rẹ̀ mú, èsì lè dàrú tàbí kí kóòdù kú. Ìdí nìyẹn tí DLPack fi máa ń fi iṣẹ́ kékeré kan rán ẹni tó gba àdírẹ́sì: tó bá lò ó tán, kó fi tó ẹni tó ni ín létí.

Ẹni tó ń háyà GPU lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń sanwó wákàtí, àti ti iṣẹ́ àti ti àkókò tí GPU fi káwọ́ gbera tó ń retí ẹrù. Nítorí náà, ẹ wọn kóòdù yín wò. Àmọ́ Python kì í dúró de GPU tó bá ti rán an níṣẹ́ tán, torí náà ẹ pe torch.cuda.synchronize() kẹ́ ẹ tó wo aago, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, aago náà á parọ́ fún yín.